Ilé Yesenia àti Ọgbà Igbó Mi

Èmi, Eloy Fidencio Archuleta, àgbẹ̀ ata ní Pueblo, ìpínlẹ̀ Colorado, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi pé; ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wá bá mi dúnàádúrà ẹṣin. Kíláàsì kẹta ni mo kà dé. Lọ́yà ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tèmi ni, mo sì ti kìlọ̀ fún un kí ó má bá mi tún un ṣe. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, mo fagi lé e.

Ìkínní. Ramón, ọmọ mi kan ṣoṣo tó kù láyé, àti Ìyáàfin Haskell, lọ́yà mi, ni kí wọ́n pín ogún yìí.

Ìkejì. Oko ata tó wà ní apá òsì ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí omi kànáà tí a gbẹ́ láti fi bomi rin oko, katakata, àti agolo ńlá tí a fi ń yan ata, mo fi wọ́n fún Ramón. Òkúta ni mo bá lórí ilẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣa á. Kí Ramón rántí pé ata kì í fẹ́ kí àgbẹ̀ sùn di ọ̀sán.

Ìkẹta. Ẹṣin mi àti gàárì rẹ̀, mo fi fún Tranquilino Baca, aládùúgbò mi. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa dìbò pé igbó ti bófin mu, tí mo sì gba láísẹ́ǹsì, òun ló dìde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ní, "Eloy, o ti wá di oníṣòwò oògùn." Mo ní, "Tranquilino, nígbà tí ẹ ń pọntí nínú abà bàbá rẹ, ta ló bi yín léèrè?" A kò kí ara wa mọ́ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó rán ìyàwó rẹ̀ wá bi mí pé ìpara igbó wo ló dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é rìn mọ́. Kí ó máa gun ẹṣin.

Ìkẹrin. Ilé, kànga, àti ilé gíláàsì tí mo ti ń gbin igbó, tó wà ní apá ọ̀tún ọ̀nà, mo fi wọ́n fún Yesenia, ìyàwó Beto ọmọ mi tó ti kú, àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Chihuahua, ní òdìkejì ààlà, ló ti wá. Ìwé ìgbélùú ló ní, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò búra di ọmọ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Beto kú, gbogbo ayé rò pé yóò padà sílé wọn. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá yín jà lórí iyọ̀?" Kò fọwọ́ kan igbó rí.

Ibí gan-an ni òfin ti ta kókó. Ìpínlẹ̀ fún mi láṣẹ, ó fi àmì kọ́ igi kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, ọlọ́pàá ìlú sì ń kí mi. Ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀daràn ṣì ni mí. Inú ìsédò tiwọn ni omi kànáà ti ń wá, wọn kò sì gbà kí ẹ̀kán rẹ̀ kan igbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́ kànga. Èmi lè jókòó sáàárín òfin méjì. Ibí ni wọ́n bí mi, kò síbi tí wọ́n fẹ́ lé mi lọ. Ti Yesenia kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyáàfin Haskell ní, "Bàbá, bí ẹ bá kú lónìí, ilẹ̀ tí igbó wà lórí rẹ̀ di ti Yesenia. Kí ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè, wọn yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ igbó lábẹ́ ìbúra. Wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀ ọ́."

Ramón rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gẹrun. Ta ló tún kù tó ń bìkítà?"

Mo ní, "Ẹni tí yóò bi í léèrè kì í gẹrun ní Pueblo."

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n la ilẹ̀ náà sí méjì, kí ilé wà lọ́tọ̀, kí igbó wà lọ́tọ̀. Wọ́n ní ó kéré jù. Ramón ní, "Ẹ fi ilé sí orúkọ mi, Bàbá. N kò ní lé e." Mo mọ̀ pé kò ní lé e. Ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde nínú ilé kan kì í ṣe ayálégbé níbẹ̀.

Ìkarùn-ún. Ọgbà igbó, n kò fi fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, lójú kámẹ́rà bí ìpínlẹ̀ ti là á sílẹ̀, mo fà á tu, mo gé e wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ erùpẹ̀, mo sì dá láísẹ́ǹsì padà. Igbó yẹn ló dára jù ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn tó ń rà á ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò fọ́nnu. Ramón dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi dá sí i. Yesenia jáde láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá, ọkàn yín! Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Mo ní kí ó dúró síbi tó wà, kí ó má sún mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn mi pé ìjọba àpapọ̀ ló ṣẹ́gun Eloy Archuleta. Wọn kò wá rí. Èmi tí mo gbìn ín ni mo fà á tu, mo sì mọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Mo fọwọ́ sí i ní Pueblo, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023.

Eloy F. Archuleta

Àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé èmi ni mo kọ orúkọ mi:
Delfino Quintana, ẹni tó ń tún katakata ṣe
Carol Ann Strand, nọ́ọ̀sì