Ilẹ̀kùn Kan fún Kano àti Zaria

Ọjọ́rú, oṣù Kejì, ọdún 2004

Ọ̀la ni Bísí, ọmọ-ọmọ mi, tún ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báǹkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé e ṣubú nígbà àkọ́kọ́, ló bá ní kí n jókòó, òun fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Frame Relay ni wọ́n ń pe ètò tí báǹkì fi ń so kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì wọn pọ̀.

Ó ní wáyà kan ṣoṣo ló ti ọ́fíìsì Kaduna jáde lọ sí Kano àti Zaria, ṣùgbọ́n Kano ò gbúròó Zaria; ìbéèrè náà nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Màmá Àgbà, wáyà ló jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀nà méjì ló wà nínú rẹ̀, ti Kano àti ti Zaria."

Ó dáa. Kí ló wá dé tí Kano ò fi gbúròó Zaria? Ó ní ẹ̀rọ Kaduna kì í dá ìròyìn padà gba ilẹ̀kùn tó bá gbà wọlé, ìyẹn ojú ihò tí wáyà wọ̀, kó má baà máa pòòyì. Ilẹ̀kùn kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lò.

Òfin yẹn dára. Èmi náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ní yàrá kan kí n tún un sọ níbẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lẹ máa wá ṣe?"

Ibẹ̀ ló ti ṣubú lọ́jọ́sí. Mo ń ṣa òkúta inú ìrẹsì mi lọ.

"To," ó ní, "a ó pín ilẹ̀kùn náà sí kékeré méjì, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ á wá lè kó ìròyìn Zaria fún Kano."

Mo kọ ìbéèrè náà síbí kí n má baà gbàgbé. Kó tó fẹnu kan kókó, ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀, láàárọ̀ ọ̀la, màá tún bi í.