Ọkọ Mi Pe Àmì Ọwọ́ Ìyá Mi ní Scratch

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi débi pé bí ọkọ mi bá ń jẹun níwájú mi báyìí, bó ṣe ń jẹnu gan-an ń bí mi nínú. Ọkùnrin yìí ta amplifier bàbá mi, ó parọ́ pé ó ti bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ wé láwàní fún un ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ nítorí irọ́ yẹn. Amplifier ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé yín. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ni ládàánì ní mọ́sálásí ràtíbì àdúgbò wa, òun ló ń pe ìrun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, amplifier kan náà tó fi owó ara rẹ̀ rà ló sì ń lò, irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí wòlímọ̀ tí wọn kì í wá yá a, bàbá mi kì í sì í gba nǹkan kan. Ìyá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ẹja ló ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni agbọ̀n ẹja ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń wà, nítorí náà olúkúlùkù ló ní àmì tó ń fi sára agbọ̀n tirẹ̀ kí wọ́n má bàa gbé e fún ẹlòmíràn. Ti ìyá mi, ilà mẹ́ta lóòró, ọ̀kan dábùú wọn. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, àmì yẹn ni orúkọ rẹ̀, gbogbo èbúté ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan tí àwọn kan yá amplifier lọ, ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé padà wá, ọ̀rọ̀ di ariwo ká tó rí tiwa gbà. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn mú ọ̀bẹ tó fi ń họ ìpẹ́ ẹja, ó ha àmì agbọ̀n rẹ̀ sí iwájú ẹ̀rọ náà gàdàgbà. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú pé ó ti ba ẹwà ẹ̀rọ òun jẹ́. Àmọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú... ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi kì í tan ẹ̀rọ yẹn láìkọ́kọ́ fi ìka tọ àwọn ilà yẹn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìka ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ọkọ mi ní kí bàbá mi fi lé òun lọ́wọ́, òun mọ ẹnì kan ní Ìkòròdú tó ń tún irú ẹ̀ ṣe. Estate là ń gbé níbí ní Ìkòròdú, ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ sí ọ́fíìsì ní Island, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa ọmọ tó bí lọ. Kò pẹ́, ó gbé amplifier tuntun dé, èyí fúyẹ́fúyẹ́ tó ń tan iná búlúù. Ó ní ti àtijọ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹni tó ń tún un ṣe ti tú u palẹ̀, ó ti dà á nù. Bàbá mi sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, ó sọ ọ́ fún lèmọ́mù, ó sọ ọ́ fún gbogbo jámáà pé ẹ wá wo ohun tí àna òun ṣe fún ilé Ọlọ́hun. Wọ́n ní irọ́ máa ń tanná, kì í so. Ti ọkọ mi so o! Láwàní ló so.

Ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń yẹ ọjà wò, èyí tí nǹkan bá ti ha lára, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Inú staff bus ni mo wà, mò ń wá fíríìsà àlòkù lórí Facebook, ni mo bá rí amplifier kan lórí tábìlì. Mo ní irú aṣọ tábìlì yìí mà wà nílé wa. Mo fẹ fọ́tò náà lójú... ilà mẹ́ta, ọ̀kan dábùú wọn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé very neat, original sound, just small scratch in front. Sold. Orúkọ ọkọ mi ló wà lókè. Scratch kẹ̀? Ẹni tí mo ti sọ ìtàn ọ̀bẹ yẹn fún kó tó fẹ́ mi? Ẹni tó rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn?

Ẹni tó rà á ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Bàbá kan ní Ijede ni, ó ń darí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé, kò bá mi jà, ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹni tó tà á fún òun jọ sọ. Bàbá yìí ti bi í pé kí ló ha á báyìí. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ mi kọ: "Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú sà, ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan ló fi ọ̀bẹ bà á jẹ́, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà dúdú kùn ún kò ní hàn mọ́." Ìyá arúgbó kan! Ìyá mi tó máa ń yọ eegun ẹja fún un bí ọmọdé? Tí kì í jẹ́ kó kúrò ní Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ òfo? Ojú tì mí níwájú ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá onígbàgbọ́ yẹn ló ní òun ò fi ọ̀dà kùn ún, torí òun rí i pé ẹni tó ha á fara balẹ̀ ha á ni. Mo wá òmíràn fún un, ó bá mi gbé tiwa sínú mọ́tò. Inú Ghana-must-go ló wà báyìí, lẹ́yìn àpò ìrẹsì ní stóò wa, ọkọ mi sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò kò ó lójú. Mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, á ti pe bàbá mi, á ti di pé èmi ni mo fẹ́ ba àgbàlagbà nínú jẹ́. Ó ti rán agbádá, ó ń yí bírí níwájú dígí! Wọ́n ní wọ́n á fún èmi náà lóyè lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó wá pa mí ni pé bàbá mi pè mí lánàá, ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí, kí n má sọ fún ọkọ mi kó má bàa rò pé òun kò moore. Ó ní ẹ̀rọ tuntun dára o, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ń dán jù, ìka òun kò rí ibi dúró sí. Ó ní ṣé mi ò lè bá òun dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tú ti àtijọ́, bóyá irin iwájú rẹ̀ nìkan ṣì wà nínú ìdọ̀tí... kò pọn dandan kó ṣiṣẹ́, irin yẹn nìkan. Mo ní màá wò ó, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà stóò ni mo dúró sí tí mo fi ń dá a lóhùn.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Jímọ̀, kí n gbé e kalẹ̀ níwájú lèmọ́mù kí wọ́n tó wé ohunkóhun sí i lórí? Ọlọ́hun mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín fún jámáà, òun ni gbogbo ojú máa yí sí. Ṣé kí n gbé e fún un níkọ̀kọ̀? Tó bá bi mí pé ibo ni mo ti rí i ńkọ́, ṣé èmi náà á tún parọ́ fún un ni? Àbí kí n jókòó ti ọkọ mi kí n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi mí joyè lórí àmì ìyá mi? Tí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá mi lojú máa tì. Tí mo bá dákẹ́, ìyá mi di ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan títí láé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ dá mi lóhùn kí Jímọ̀ tó dé... èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n dójú tì?