Bàbá Inú Fóònù

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ kú ilé.

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń sá fún ìwé Faransé yín, èmi náà ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, tí mò ń ṣe géèmù orí fóònù tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ Faransé. Ẹ rẹ́rìn-ín yín, mo gbà.

Géèmù náà kò le. Bàbá kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso. Yóò gbé ọ̀kan sókè, ọmọ tó ń gbá géèmù yóò sì wá orúkọ rẹ̀ ní Faransé láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, bàbá yóò fún un. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, bàbá yóò mirí, yóò tún gbé e sókè. Ẹ ti mọ ẹni tí bàbá náà jẹ́. Abetí ajá yín ló dé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé sí Ìjemọ̀, tí ẹ ti dúró ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Kọ́bapẹ́, n ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá pè é ní ananas. Ohùn Ẹ̀gbá ò kúrò nínú Faransé yín rí, ó sì dùn létí mi bẹ́ẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ òsì láti gbà á, ẹ ó fà á sẹ́yìn, ẹ ó máa wo àjà títí n ó fi rántí ọwọ́ ọ̀tún. Inú a máa bí mi, itọ́ a sì máa dà lẹ́nu mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé títí dòní, bí mo bá rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, orúkọ Faransé ló ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu?

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Nígbà tí mo ní mi ò ṣe olùkọ́ Faransé bíi tiyín, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́, ẹ ò bá mi jà. Kò pẹ́ sígbà náà ni rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún yín. Láti ìgbà náà ni ẹ ò ti fi nǹkan lé mi lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ bá ní ọsàn tàbí ẹ̀pà fún mi, ẹ ó gbé e sórí àpótí, ẹ ó wo ibòmíràn, n ó sì wá mú un. Mo gbà pé ẹ ń bínú sí mi ni. Mo gbé èrò yẹn lọ síbi ìsìnkú yín, mo sì gbé e bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé fóònù lọ fún Màmá kí wọ́n wá wò yín. Wọ́n wọ gíláàsì wọn. Wọ́n ní ikùn yín ò tó báyẹn. Wọ́n tẹ orúkọ ọsàn, ó sì tọ̀nà, bàbá inú fóònù bá na ọsàn náà sí wọn. Ni Màmá bá fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi na án. Apá òsì ni a ya apẹ̀rẹ̀ sí, èmi àti ẹni tó bá mi yàwòrán ò sì kíyè sí i. Èmi ọmọ tí ẹ tọ́, ẹ wò ó.

Mo ní n ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Màmá ní kì í ṣe ti àwòrán.

“Bàbá ẹ ò fi òsì fún ẹ ní nǹkan rí títí wọ́n fi kú. Òsì nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn, ojú ń tì wọ́n láti fi fún ẹ. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí àpótí, èmi ni wọ́n máa ń bi bóyá o ti mú un.”

Bàbá, ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá bí ọmọ kékeré.

Mo ti tún àwòrán náà ṣe. Ọ̀tún ló fi ń fún wọn báyìí, kí àwọn ọmọ lè rí ẹ̀kọ́ ilé kọ́ mọ́ Faransé. Ti èmi ló yàtọ̀. Ẹ̀ bá ti fi òsì fún mi, Bàbá. Ọwọ́ méjèèjì ni ǹ bá fi gbà á.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ò bínú sí.