Òpìpí Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ ní Agbamu

Ìyá mi, ẹni tí mo ṣì ń bá jiyàn,

Ilé kò dára. Àwọn adìẹ wa ní Ọ̀mù ti kú tán. Ti Àbẹ̀ní àbúrò mi ní Agbamu náà ti kú, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ta àwọn adìẹ tuntun tó kó àrùn wọlé fún mi lọ́jà Ṣàrẹ́ mọ̀: mo ná wọn ní ìdajì iye tó pè, ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi náà mọ̀. Mo rí àgbébọ̀ kan nínú àgò tó sorí kọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé. Mo ní oòrùn ọ̀nà ló mú un.

Ẹ̀yin ì bá ti so wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe fún adìẹ tó bá ti òde wá. Igbá omi rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó sì fi eérú fọwọ́ kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ àwọn tilé. Lójú tèmi, ìfàkókòṣòfò ni. Èmi tí mo kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Èkó, níbi tí ẹrù kì í ti sùn nílẹ̀, ṣé adìẹ ni màá dúró dè? Mo da gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọjà kejì tó pé, lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ run, ti dé.

Mo tún wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: mo kó àwọn tí ara wọn ṣì yá sá lọ sọ́dọ̀ Àbẹ̀ní, kí wọ́n lè yè. Orí ara mi ni mo fi ru àrùn dé Agbamu, Ìyá.

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn rẹ̀, òpìpí yín nìkan, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pé, ló ṣàìsàn tó sì dìde. A yọ̀. Mo ní kí wọ́n sun àgò, kí wọ́n ri òkú adìẹ mọ́lẹ̀ jìn, kí wọ́n ha ilẹ̀, kí wọ́n da eérú sí i, kí ibẹ̀ sì ṣófo títí ọjà mẹ́rin. Wọ́n ṣe é, Àbẹ̀ní sì fi òpìpí sínú yàrá rẹ̀. Àbẹ̀ní ra àwọn mìíràn láti ilé tí àrùn kò dé. Wọ́n kú. Òpìpí ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú rẹ̀ ń dán.

Ìgbà náà ni mo rántí àkùkọ funfun kan tí mo fẹ́ràn ní kékeré. Ó ṣàìsàn, ó sàn, ẹ pa á, ẹ sin ín, ẹ kò jẹ́ ká jẹ ẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara èyí tó là á já ni àrùn máa ń sá pamọ́ sí? Èé ṣe tí ẹ kò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ ọ́, mo ti jáde?

Mo lọ láti pa òpìpí. Àbẹ̀ní gbé e sábíyá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi ìkánjú pa tilé, ẹ ti pa tèmi, ó wá ku ti Ìyá. Èmi ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án.”

“Wọn kò mọ̀ pé yóò ṣàìsàn.”

“Ẹ lọ bi wọ́n nígbà náà.”

Mo ń bi yín. Adìẹ àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta ló ń sàba nínú agbo ilé Àbẹ̀ní, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọn yóò pa ọmọ. Nínú ọpọ́n omi kan náà ni àwọn ọmọ wọn àti òpìpí yóò ti jọ máa mu. Àwọn obìnrin náà ti ń wo àbúrò mi tìfuratìfura, pé yàrá rẹ̀ ni ikú adìẹ ti ń jáde. Bí àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyí bá tún kú, wọn kò ní pè é ní àrùn mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rin ọ̀nà Agbamu láàárín ọjọ́ márùn-ún. N kò lè jókòó.

Ẹ tú Àbẹ̀ní sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ. Ẹ lọ bá a lójú oorun. Ẹ má wá sọ́dọ̀ mi, n kì í sùn tó bẹ́ẹ̀. Mo fún yín títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ dákẹ́, màá gbà pé ẹ ti gbà, ọwọ́ ara mi ni màá sì fi pa á. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní sùúrù,
Àkọ́bí yín