Agogo Ọjọ́ Ajé ní Òkè-Àpáta

Òkè-Àpáta,
Oṣù Kẹta, 1955.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí ni ìkùukùu lórí òkè, ewúrẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìwé wa tí kò sẹ́ni lórí wọn. Àlùfáà ti sọ pé bí ọmọ kankan kò bá wá lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n máa ti ilé ìwé náà pa.

Mo bá ṣe bí a ti ń ṣe ní Olówógbowó, mo lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ ni àwọn ará abúlé mẹ́ta tó yí wa ká sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tọmọ-tọmọ, tẹkún-tẹkún.

"Ta ló kú?" Ìyá Ìjọ ló ń bi mí.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Àwọn ọmọ ni mo ń pè."

N kò mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ọjọ́ Ìsinmi, òkú nìkan ni wọ́n ń lu agogo fún níbí. Ìyá Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Èkó! Ṣé kó o kọ́kọ́ dáyà já wa ni?" Ó yíjú sí àwọn ìyá yòókù. "Ẹ ti kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ń pariwo A, B, D.

Ara mi le. Atẹ́gùn ń wọ yàrá mi dáadáa, àti òjò náà. Mo ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, gààrí díẹ̀ kò burú.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Louisa àti Bọ̀dá Horatio. A, B, D yẹn ti jẹ́ kí ohùn mi há. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù, mo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.

Ọmọ yín,
Gladys