Wíńdò Tó Kọ̀ Láti Fẹ̀

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀rẹ̀

Ó tún ṣe é lónìí. Mo tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, mo ṣí Word tí a fi ń tẹ̀wé, wíńdò rẹ̀ tún jáde ní ìdajì ojú kọ̀ǹpútà, ó dúró sápá òsì. Bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta rèé tí mo ń fẹ̀ ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà kí n tó pa á.

Mo pe Káyọ̀dé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, bí ẹ bá ṣe pa á náà ló ṣe máa ń ṣí."

Ta ló wá pa á ní ìdajì? Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà, ọrùn mi ló sì ń sùn.

Bí Ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń lò ó nìyẹn, ní ìdajì. Bí a bá ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọn á gbé àwòrán olóògbé sí ìdajì kejì. Wọn á ní, "Ẹni tí o ń kọ ìtàn rẹ̀, wò ó lójú." Ìwé ìsìnkú tiwọn ni mò ń tẹ̀ báyìí. Sátidé la máa sin wọ́n ní Ajue. Mi ò fẹ́ rí ojú wọn ni mo ṣe ń fẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án, mo gbà. Mo gbé àwòrán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń wò wọ́n, mò ń sunkún, mò ń tẹ̀ títí mo fi parí. Mo fi wíńdò náà sílẹ̀ ní ìdajì bí wọ́n ṣe fẹ́, mo pa á.

Nígbà tí mo ṣí i padà kí n lè pírìntì ìwé náà fáwọn ọmọ wọn, ó ti kún ojú kọ̀ǹpútà. Mi ò fọwọ́ kàn án láti fẹ̀ ẹ́.