Omi Poroporo Ọkà Bàbà àti Ìdánwò Félicité

                                        Bùtíìkì Èṣùgbàyí,
                                        Ìdí Ọjà, Kétu,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù, 1955.

Gaston, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Agathe ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ tuntun? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà Àjíǹde ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara le níhìn-ín. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkùdu ẹ̀yìn ilé ti kún, àwọn obìnrin kò rìn jìnnà mọ́ kí wọ́n tó pọnmi. Ìròyìn ayọ̀ tí mo ní parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò brevet àbúrò mi Félicité ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, lọ́dọ̀ yín ní Àjàṣẹ́. O mọ̀ pé ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Dakar kì í gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí brevet, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò sì ti kọjá èyí tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá yege báyìí, ó parí. Ẹ̀kọ́ chimie, ti asíìdì àti báàsì, ló gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá, nítorí náà chimie ni mo dojú kọ.

Mo ṣe ètò bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tirẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Sidonie, ọmọ abúlé Adakplamè tí òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò, dara pọ̀ mọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo tí a kò ní ni bébà tournesol tí o ṣèlérí, èyí tí wọ́n fi ń mọ asíìdì yàtọ̀ sí báàsì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò dé. O mọ̀ mí, n kò lè jókòó máa retí. Ìyá mi máa ń se poroporo ọkà bàbà láti fi pa koríko ẹní láwọ̀. Mo bu omi rẹ̀ sínú ife méjì. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ìyẹn asíìdì: àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ìyeyè. A da omi eérú sí èkejì, ìyẹn báàsì: ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Félicité gbé ife náà sójú oòrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ìkòkò Màámi ni chimie ti wà látọjọ́ yìí." Mo ní kó pa ìwé dé, kó gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe é.

Lẹ́tà rẹ wá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú bébà náà. Mo ti èyí tó ní àwọ̀ aró bọ inú ọsàn wẹ́wẹ́. Ó di pupa. Félicité wò mí, ó ní, "Ẹ ti ṣe é lódì." N kò ṣe é lódì. Tournesol ni kò bá omi poroporo mu: asíìdì ló ń sọ ọ́ di pupa, báàsì ló ń dá a padà sí àwọ̀ aró. Gaston, mo ti rí i nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Mo rò pé nǹkan kékeré ni, ká ṣáà máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá. Sidonie, tí kì í wo ife, tó kàn ń há ìwé sórí bí àdúrà, gba mẹ́sàn-án. Félicité gba mẹ́ta. Sidonie ní, "Ìwọ, ṣé ẹní lo fẹ́ lọ hun fún wọn ní Àjàṣẹ́ ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lánàá, Félicité tún gba mẹ́ta. Láàárọ̀ yìí mo bi í lẹ́nu lásán: pupa ńkọ́? Ó di ojú. Ó ní, "Báàsì," kó sì tó la ojú ni òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ṣì í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ife yẹn ni mo ń rí." Nínú gbogbo ètò tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí èyí tí a fi ń yọ ohun tí èèyàn ti rí kúrò lójú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kàmíọ̀ yóò gbé àwọn méjèèjì dé Pobẹ̀, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín nírọ̀lẹ́. Jọ̀wọ́, lọ pàdé wọn, má ṣe pẹ́. Má bi Félicité ní ìbéèrè kankan. Má sì jẹ́ kí Agathe máa gbà á níyànjú, kó má baà fura sí ohun tí a ń rò. Ẹ fún un lóúnjẹ, kó sùn.

Mo yà sí dispensaire wa lọ́sàn-án òní. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti ń wá obìnrin tí yóò máa fọ báńdéèjì, tí yóò sì máa se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná. Mo ní kó má wá ẹlòmíràn mọ́. Ó béèrè orúkọ, mo fún un ní ti Félicité, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, Félicité ṣì jókòó ti ìwé. Ó bi mí níbi tí mo lọ. Mo ní mo lọ gba òògùn ẹ̀fọ́rí. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Bá mi kí Agathe, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó. Bàbá àti ìyá mi ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Barnabé Èṣùgbàyí